Ṣé ìwé tí ẹ kà náà lẹ fi ń jẹun? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó, níbi yòówù tí ẹbí bá ti pàdé, ìbéèrè náà kì í pẹ́ jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tí ènìyàn kà ní yunifásítì. Bó bá ti dáhùn tán, wọ́n á ní, "Òun náà lo wá fi ń ṣiṣẹ́?" Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn á ti máa wá omi mu.

Bótánì ni èmi kà, ìyẹn ìmọ̀ nípa ewéko. Iṣẹ́ gbígba òṣìṣẹ́ ni mo sì fi ń jẹun láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, nílé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá bá mi, àgùnbánirọ̀ ń wá, òbí ń wá, títí kan àwọn tó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n fẹ́ yí iṣẹ́ padà. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀ púpọ̀ síra. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn lójúkojú.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ló ka nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe òmíràn?

Lóòótọ́ ni. Àwa tí a jọ jáde nínú kíláàsì wa tó ogójì. Àwọn tí mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn ṣì ń kan ewé kò ju mẹ́rin lọ: ẹnì kan ń kọ́ni ní yunifásítì, ẹnì kan wà níbi ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò n'Íbàdàn níbí, àwọn méjì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní báólọ́jì. Lára àwọn yòókù a rí òṣìṣẹ́ báńkì, a rí pásítọ̀, a rí ọlọ́pàá, a rí alásè, a rí ẹni tó ń ta táìlì, a rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kánádà. Onítáìlì yẹn ló rọ̀ lọ́rùn jù nínú gbogbo wa, òun ló sì máa ń sanwó ọtí bí a bá pàdé.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ẹ̀ka New York ti báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ ọdún 2010 wò. Nínú 100 ènìyàn tó gboyè yunifásítì, nǹkan bí 62 ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ń béèrè oyè yunifásítì. Nǹkan bí 27 péré ni iṣẹ́ wọn bá kọ́ọ̀sì wọn mu tààrà. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí ọmọ ti lè lo ọdún méjì gbáko nínú yunifásítì kó tó sọ ohun tó fẹ́ kà. Inú fọ́ọ̀mù JAMB ni ọmọ tiwa ti ń sọ ọ́, ẹlòmíràn nínú wọn kò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ.

Ta ló yan kọ́ọ̀sì fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ tó kà?

Èyí gan-an ló yẹ kí àwọn ará ilé máa kọ́kọ́ béèrè.

Ọdún 1978 ni ìjọba dá JAMB sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó fẹ́ ka ìṣègùn. Ó jókòó ìdánwò JAMB, ó gba 250 nínú 400. Inú gbogbo ilé dùn, wọ́n pa adìyẹ. Ó tún ṣe ìdánwò kejì tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fúnra wọn láti ọdún 2005. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò dé ojú ìlà ẹ̀ka ìṣègùn. Wọn ò ní kó máa lọ sílé o. Wọ́n ní kó wá gba Sùọ́lọ́jì, tàbí Bótánì, tàbí Fisiọ́lọ́jì. Ẹni tó béèrè òfin, wọ́n lè fún un ní Filọ́sọ́fì, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn, tàbí Yorùbá.

Bó bá kọ̀ ọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀, ó di fọ́ọ̀mù tuntun, ó di owó lẹ́sìn tuntun. Ìyá á ní, "Gbà á bẹ́ẹ̀, ọdún ò ní dúró dè ọ́." Ẹ̀gbọ́n kan á fi kún un pé bó bá ti wọlé tán, kó ṣáà kàwé dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́, yóò sọdá sí ìṣègùn. Àwọn kan sọdá lóòótọ́. Àwọn tí mo mọ̀ tó ṣe é kò kún ọwọ́ kan.

Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn. Nígbà tí mo délé tí mo ní Bótánì ni wọ́n fún mi, bàbá mi bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mo ní ewé àti egbò ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá mi mọ gbogbo ìyẹn, kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹni tí ẹ bá rí tó fi Sùọ́lọ́jì sílẹ̀ tó ń ta mọ́tò, ẹ rọra bá a wí. Mọ́tò títà yẹn lè jẹ́ nǹkan àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Kọ́ọ̀sì wo ni kò yẹ kí ènìyàn sáré fi sílẹ̀?

Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ìṣègùn, òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ apoògùn. Kò sí bí ọgbọ́n ṣe lè pọ̀ lórí ènìyàn tó, kò lè gba ẹ̀gbẹ́ wọ ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ó fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn, kí ìgbìmọ̀ MDCN tó fún un níwèé àṣẹ. Agbẹjọ́rò lo ọdún márùn-ún, ó tún kọjá sí Law School, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1962, kó tó dé wíìgì.

Àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n kàn pa dé lásán. Ẹni tó ka kọ́ọ̀sì mìíràn lè jókòó ìdánwò ICAN kó sì di akáńtáǹtì. Kò ní rọrùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní lé e lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ lè fi nǹkan bí ọdún kan gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní PGDE, kó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Báńkì, ọjà títà, iṣẹ́ ìròyìn, kọ̀ǹpútà, àwọn ìyẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìmọ̀ràn kan náà ni mo ń fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sá kúrò nínú kọ́ọ̀sì oníkọ́kọ́rọ́: mú kọ́kọ́rọ́ rẹ dání kó o tó jáde. Ọmọkùnrin kan wá bá mi nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kó parí ẹ̀kọ́ apoògùn. Ó ní fọ́tò yíyà lòun fẹ́ ṣe. Mo ní fọ́tò dára, ṣùgbọ́n kó parí, kó ṣe ọdún kan tó yẹ kó ṣe nílé ìwòsàn, kó gba ìwé àṣẹ, kó wá gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Inú bí i sí mi. Ó ní bí àwọn àgbà ṣe ń pa àlá ọmọdé nìyẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí. Ìgbéyàwó ló ń yà ní Lẹ́kkí. Ṣùgbọ́n nígbà Kòrónà ní 2020, tí wọ́n ti gbogbo gbọ̀ngán pa, ìdí káńtà ilé oògùn ló ti jẹun.

Àwọn ńlá ńlá wo ló yà kúrò nídìí ohun tí wọ́n kà?

Wọ́n pọ̀. Ìṣègùn ni ilé rò pé Fẹlá ń lọ kà nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Iléèwé orin Trinity ló wọ̀. Fúnkẹ́ Akíndélé ka òfin ní Yunifásítì Èkó. Agbẹjọ́rò ni Falz olórin, bí bàbá rẹ̀ náà ti jẹ́ agbẹjọ́rò.

Ẹ wo Awólọ́wọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Wesley College n'Íbàdàn. Ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ra kòkó, ó fi ọkọ̀ kẹ́rù. Ilé ló ti ń kàwé tó fi gboyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kó tó sọdá òkun lọ ka òfin, ó sì di lọ́yà ní 1946. Bí ìyá ìyàwó kan bá bi í láàárín ọdún wọ̀nyẹn pé iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe, ìdáhùn ì bá gùn.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Èdè Faransé ló kà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Gbogbo wa la mọ ohun tó padà fi Yorùbá ṣe nínú eré, nínú ìtàn àròsọ àti nínú fíìmù. Àwọn ènìyàn ń rántí pé ó kúrò nídìí Faransé. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé ó tún jókòó sí kíláàsì: ó gboyè kejì nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Èkó ní 1978 kó tó máa kọ́ni n'Ífẹ̀, níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀nà tó gbà sọdá nìyẹn, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má fi àwọn olókìkí ṣe òṣùwọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣá. Ẹni tó fi òfin sílẹ̀ nítorí orin, tí orin ò sì gbà fún un, kò sí ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń pè é wá sọ ìtàn rẹ̀.

Kí ló dé tí báńkì ń gba ẹni tó ka ohunkóhun?

Torí pé báńkì fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ni níṣẹ́ báńkì. Wọ́n á fún yín ní ìdánwò ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á wo ipò oyè yín, wọ́n á wo ọjọ́ orí, torí ọ̀pọ̀ ìpolówó wọn kì í gba ẹni tó bá ti ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ẹni tó yege á wọ ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn fún oṣù mélòó kan. Ibẹ̀ ni oní-físíìsì àti oní-gẹografí ti ń di ọ̀kan náà: kóòtù dúdú, bàtà dídán, àti iye owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí kó wọlé lóṣù.

Ìṣòro rẹ̀ kì í hàn níbẹ̀rẹ̀. Ní 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ kéde pé owó ìdókòwò báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gòkè láti bílíọ̀nù 2 sí bílíọ̀nù 25 náírà. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, báńkì 89 ti di 25. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ sílé. Mo rí CV wọn nígbà tí mo wọ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ka kẹ́mísírì tó lo ọdún mẹ́wàá nídìí káńtà: báńkì ti lé e, kẹ́mísírì ti gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá wọ báńkì pẹ̀lú kọ́ọ̀sì mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìwé ẹ̀rí kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ náà láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí owó ṣì ń wọlé.

Wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ni nígbà àgùnbánirọ̀. Ṣé ìyẹn ò ní ba iṣẹ́ mi jẹ́?

Ọdún kan ni. NYSC bẹ̀rẹ̀ ní 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí lè mọ ara wọn. Wọn ò dá a sílẹ̀ láti bá ẹnikẹ́ni wá iṣẹ́ tó kà. Iléèwé ló nílò ènìyàn jù, ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi ń kọ́ ọmọ JSS2 ní ìṣirò lábúlé kan ní Kébbí. Owó oṣù rẹ̀ ti di 77,000 náírà. Kì í ṣe owó tí ènìyàn ń fi kọ́lé, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ṣófo. Ẹ lò ó.

Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, gẹ́gẹ́ bí ohun tí mo ń rí, ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn: IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́ nígbà tí ènìyàn ṣì wà níléèwé. Oṣù mẹ́fà nìyẹn tí ọmọ ẹnjiníà lè fi fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí ló ń ṣe? Ó wá ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọ́n ń rán an lọ ra búrẹ́dì, wọ́n sì bu ọwọ́ lù ú nínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ó kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo kọ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì ló ń mówó wá. Ṣé kí n gbàgbé sáfíkéètì?

Ìbéèrè yìí pọ̀ gan-an lẹ́yìn ọdún 2020 àti 2022. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn ọmọ ò lè máa wo àjà ilé. Èyí kọ́ aṣọ rírán, èyí kọ́ àtíkè ìyàwó, èyí kọ́ kéèkì, èyí kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n ṣí iléèwé padà, ara ló padà. Ọkàn àwọn mìíràn ti wà lọ́dọ̀ oníbàárà.

Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ka Ìmọ̀ Òṣèlú. Gèlè ló ń wé, ojú ló ń kùn. Ó gba ọmọ iṣẹ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn ti ṣe òmìnira. Ìyá rẹ̀ wá bá mi kí n bá a sọ̀rọ̀ kó lọ wáṣẹ́ gidi. Mo bi màmá náà pé èló ni "iṣẹ́ gidi" ń san fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo sọ iye tí àwa ń san. Màmá ní, "Ṣé lọ́sẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ parí iléèwé o, bí ó bá kù díẹ̀. Oyè yẹn lè má bá yín wé gèlè, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wá ìwé ìrìnnà, tàbí tí ẹ bá fẹ́ ka oyè kejì, òun ni wọn á béèrè.

Mo ti dé Ìlú Ọba, iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe, lọ́yà sì ni mí nílé. Ṣé mo ti sọnù nìyẹn?

Ẹ ò sọnù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. Oṣù Kejì 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, báńkì àti kóòtù tú jáde nílé wa. Oṣù Kẹta 2024 ni wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ fún kẹ́à kò gbọdọ̀ kó ìyàwó tàbí ọmọ lẹ́yìn mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje 2025, wọ́n ti tì í pa fún àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà láti òkèèrè. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe èyí tí ẹ lè fi ẹ̀yìn tì.

Níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ la tún padà sí. Dókítà mọ̀ pé ìdánwò PLAB ló wà níwájú òun, nọ́ọ̀sì mọ ohun tí NMC, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wọn, ń béèrè, lọ́yà lè jókòó ìdánwò SQE. Owó ni, ìdánwò ni, oorun tí a ò sùn ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní orúkọ. Ẹni tó ń jìyà jù ni ẹni tó ka kọ́ọ̀sì tí kò ní ọ̀nà kan pàtó, tó wá ń dúró kí ẹnì kan wá rí òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń sọ fún un pé kó mú iṣẹ́ kan tó wà nínú ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe kẹ́à yẹn gan-an: ètò owó oṣù, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àbójútó òṣìṣẹ́. Ẹni tó ti ṣe mánẹ́jà báńkì ní Òṣogbo lè ṣe ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Bí CV mi bá dé iwájú yín, ṣé kọ́ọ̀sì ni ẹ máa kọ́kọ́ wò?

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni, torí kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè wò. Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ojú mi kì í dé ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ kọ iléèwé sí. Ohun tí ẹ ṣe níbi tí ẹ ti ń bọ̀ ni mò ń wá. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú iye: mélòó lẹ tà, ènìyàn mélòó ló wà lábẹ́ yín, gbèsè èló lẹ gbà padà.

Ohun mẹ́ta ló máa ń bí mi nínú. Ẹni tó kọ pé "iṣẹ́ yòówù" ni òun ń wá. Iṣẹ́ yòówù ò sí nílé-iṣẹ́ kankan. Ẹni tó ka nǹkan mìíràn tó wá ń tọrọ àforíjì lórí kọ́ọ̀sì rẹ̀ fún odidi ojú ìwé kan. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ń wáṣẹ́: àwọn ọ̀gá tó ṣì ń ní kí n yọ gbogbo HND kúrò kí n tó kó ìwé wá. Ẹni tó lo ọdún méjì ní gbogboǹṣe, tó fi ọdún kan ṣiṣẹ́, tó tún padà lọ lo ọdún méjì, ni wọ́n ní kò tó. Mo ti bá wọn jà lórí rẹ̀, mo ti borí lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo ni mo ṣe máa sọ fún bàbá mi pé mi ò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lọ kà?

Ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ má sì sọ ọ́ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tuntun náà fún oṣù mélòó kan, ẹ fi owó rẹ̀ ra nǹkan wálé, kí ẹ tó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀. Bàbá tó san owó iléèwé fún ọdún márùn-ún ní ẹ̀tọ́ láti bínú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ kábàámọ̀ Bótánì?

Mo kábàámọ̀ ọdún méjì tí mo fi ń retí pé ìṣègùn á padà pè mí. Bótánì fúnra rẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Igi pèrègún kan wà nínú ìkòkò lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ dídáhùn fóònù oníbàárà ló ń wá. Mo rí i nínú CV rẹ̀ pé Bótánì ló kà, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Mo tọ́ka sí ìkòkò náà, mo ní kí nìyẹn. Ó wò ó, ó wò mí, ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní, "Dracaena fragrans, mà. Ẹ ti ń bomi sí i jù."